Ikú Tó Di Òwe: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Paul Winfield Nínú Eré Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí Paul Winfield, òṣèré aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó nínú eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì mẹ́fà tó jáde láàárín ọdún 1977 sí 1996. Nínú márùn-ún lára àwọn eré náà, ẹ̀dá-ìtàn tí Winfield ṣe kò rí òpin ìtàn. Àwọn kan lè wo èyí kí wọ́n sọ pé àwọn olùdarí eré kàn ń lò ó bí ẹran ìrúbọ ni. Èrò tiwa ni pé ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì tó. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ikú kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀ fún àwọn tó kù láyé. Òwe Yorùbá tí ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a fi ṣe òdiwọ̀n, a sì rí i pé nínú ‘Darmok’ (1991) ni ikú òṣèré yìí ti kúrò ní ohun èlò ìtàn ẹlòmíràn, tó di ọ̀rọ̀ tí odidi ìran kan yóò máa fi sọ̀rọ̀.

1.0 Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré ṣíṣe, olú ẹ̀dá-ìtàn ni gbogbo ojú máa ń wò. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, orúkọ rẹ̀ ni ó sì máa ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kò sí eré tí kò ní àwọn òṣèré tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n máa ń lò lójú agbo. Wọ́n á gbé ìwà ẹnìkan wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀, wọ́n á ṣe é débi pé a ó gbà pé ẹni náà ti ń gbé ayé tirẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì jáde. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní òṣèré alátìlẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn lámèyítọ́ kì í sábà kọ odidi iṣẹ́ lé wọn lórí, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe fọ́n káàkiri inú eré tí kì í ṣe tiwọn.

Nínú eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ òṣèré alátìlẹ́yìn tún le ju ti ibòmíràn lọ. Eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni eré tí ó gbé ìtàn rẹ̀ ka orí ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè bí lọ́jọ́ iwájú: ọkọ̀ ojú-sánmà, ẹ̀rọ tó ń ronú, ẹ̀dá tó ti ayé mìíràn wá. Ohun tí kò sí ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń fi hàn wá. Nítorí náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tí ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ìfarabalẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ẹ̀rí fún wa pé ohun náà wà. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí yìí ni Paul Winfield ṣe fún bí ogún ọdún.

2.0 Ìtàn ìgbésí ayé Paul Winfield ní ṣókí

Ọdún 1939 ni a bí Paul Winfield. Ìlú Los Angeles ni ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó kópa nínú Julia, eré tẹlifíṣọ̀n tí Diahann Carroll jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn ní ọdún 1972 nígbà tí ó ṣe Nathan Lee Morgan nínú Sounder, fíìmù tí Martin Ritt darí. Àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń dá oko olóko ní ìpínlẹ̀ Louisiana ni Morgan. Ó jí ẹran kí ebi má baà pa ìdílé rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ipa yìí ni ó gbé orúkọ Winfield wọ inú ìdíje Oscar gẹ́gẹ́ bí olú-òṣèrékùnrin. Ní ọdún 1978, òun ni ó ṣe Martin Luther King nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pè ní King. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy ní ọdún 1995 fún ipa tí ó kó nínú Picket Fences. Ní ọdún 2003, wọ́n tún Sounder ṣe. Kevin Hooks, ẹni tó ṣe ọmọ Morgan nínú ti àkọ́kọ́, ni ó darí èyí, Winfield tó ti ṣe bàbá nígbà náà sì wá ṣe olùkọ́ ọmọ. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, ọdún 2004, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 64.

Ẹni tí ó ti jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn báyìí kò gba ipò alátìlẹ́yìn nítorí pé ẹ̀bùn rẹ̀ dín kù. Ipò olú ẹ̀dá-ìtàn kò pọ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní Hollywood nígbà náà. Ohun tó pọ̀ fún wọn ni ipò ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀gágun, adájọ́ àti ọ̀rẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn: àwọn ènìyàn tó ní ipò láwùjọ ṣùgbọ́n tí ìtàn kì í ṣe tiwọn.

3.0 Òdiwọ̀n tí a lò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí o láyà kí o ṣèkà; bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà, alágbára tí ó gba agbára mọ́ àwọn ọba Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ kí Aláàfin Abíọ́dún tó rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọdún 1774, yóò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú òwe yìí, síbẹ̀ kò ní gbọ́ òwe náà. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ‘ikú Gáà’, ti di àpò tí a kó odidi ìtàn sí. Bákan náà ni ‘Ọba kò so’ rí. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ sí Ṣàngó nídìí igi àyàn yóò rò pé ìròyìn lásán ni ó ń gbọ́.

Èyí fi hàn pé nínú èdè Yorùbá, ikú ènìyàn lè di òwe. Kì í ṣe gbogbo ikú ni ó máa ń dé ibẹ̀. Ikú tó bá di òwe gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó kú nínú, kí ó ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, kí ó sì kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n. Ìbéèrè méjì ni a ó fi yẹ ikú àwọn ẹ̀dá-ìtàn Winfield wò. Àkọ́kọ́, ìtàn ta ni ikú náà ń ràn lọ́wọ́? Èkejì, kí ni ó fi sílẹ̀ lẹ́nu àwọn alààyè?

4.0 Ikú nínú ìtàn ẹlòmíràn

4.1 Keegan nínú Damnation Alley (1977)

Jack Smight ni ó darí fíìmù yìí. Ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ba ayé jẹ́, àwọn ènìyàn díẹ̀ tó ṣẹ́kù sì ń fi ọkọ̀ ńlá la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá. Winfield ni Keegan. Nígbà tí wọ́n dé Salt Lake City, aáyán apanijẹ bo Keegan, wọ́n sì jẹ ẹ́ pa. Àwọn yòókù ń bá ìrìn-àjò wọn lọ. Ikú yìí kò ṣe ju pé ó fi han òǹwòran pé ọ̀nà náà léwu. Kò sí ohun tí òṣèré lè fi í sọ.

4.2 Kápútẹ́nì Terrell nínú Star Trek II: The Wrath of Khan (1982)

Nínú fíìmù yìí tí Nicholas Meyer darí, Winfield ṣe Clark Terrell, ọ̀gá ọkọ̀ ojú-sánmà Reliant. Khan, ọ̀tá tó fẹ́ gbẹ̀san lára Kirk, fi kòkòrò sí etí Terrell àti Chekov. Kòkòrò náà gba ìfẹ́-inú wọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì di ẹrú àṣẹ. Khan pàṣẹ pé kí Terrell pa Kirk. Ibí yìí ni iṣẹ́ òṣèré ti bẹ̀rẹ̀. Winfield kò pariwo, kò sì yí ojú bí ẹlẹ́gùn-ún. Ìjà náà wà nínú ohùn tó ń já àti nínú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. A rí i pé ẹni méjì ló wà nínú ara kan, pé ọ̀gá ọkọ̀ sì wà lábẹ́ ẹrú náà. Nígbà tí kò lè kọ àṣẹ mọ́, ó yí ìbọn sí ara rẹ̀.

Ikú yá ju ẹ̀sín ni àwọn Yorùbá ń wí. Winfield ṣe òwe yìí láìgbọ́ ọ ri. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó tẹ̀lé e. Kòkòrò kan náà ni ó wọ etí Chekov, Chekov sì yè é. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: Chekov ti wà nínú Star Trek láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n, àlejò ni Terrell. Àlejò ni ó máa ń kú kí onílé lè yè. Kì í ṣe nítorí àwọ̀ nìkan ni Terrell fi kú, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tí a gbọ́dọ̀ bi Hollywood ìgbà náà: ta ni wọ́n máa ń fún ní ipò onílé, ta sì ni ó máa ń jẹ́ àlejò títí ayé?

4.3 Ọ̀gá ọlọ́pàá Traxler nínú The Terminator (1984)

Fíìmù James Cameron yìí dá lé ẹ̀rọ apànìyàn kan tó ní ìrísí ènìyàn, tí wọ́n rán wá láti ọjọ́ iwájú kí ó wá pa Sarah Connor. Ed Traxler ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà nídìí ọ̀ràn náà. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un, kò pọ̀. Ohun tí Winfield fi kún un ni àárẹ̀ àti àánú. Kọfí tó ti tutù ló ń mu, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé oorun ń kùn ún. Ó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà sùn sínú ọ́fíìsì, ó sì fi yé e pé ọgbọ̀n ọlọ́pàá ló wà nínú ilé náà. Ó gbìyànjú láti fi ohun tó mọ̀ ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀: ó ní aṣọ akọ-ìbọn ni kò jẹ́ kí ọta ran apànìyàn náà. Ó ṣìnà, ṣùgbọ́n olóòótọ́ ènìyàn ló ṣìnà. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ya wọ àgọ́ ọlọ́pàá, tó yìnbọn lu Traxler, ó dun òǹwòran bí ẹni pé ojúlùmọ̀ rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun náà kú sínú ìkọlù yìí, nítorí náà a kò lè sọ pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni ikú dá sí ojú. Ohun tí a lè sọ ni pé ikú Traxler ń ran ìtàn Sarah Connor lọ́wọ́: ó fi hàn pé òfin àti ìjọba kò lè gbà á là. Nínú fíìmù kejì (1991), aláwọ̀ dúdú mìíràn, Miles Dyson tí Joe Morton ṣe, tún kú kí ayé lè là. Àpẹẹrẹ náà ń bá a lọ.

5.0 ‘Darmok’: ikú tó di èdè

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ‘Darmok’ sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìtàn inú Star Trek: The Next Generation. Joe Menosky ni ó kọ ọ̀rọ̀ eré rẹ̀, Winrich Kolbe sì darí rẹ̀. Kápútẹ́nì Picard, tí Patrick Stewart ṣe, pàdé ìran kan tí wọ́n ń pè ní ọmọ Tama. Ẹ̀rọ ògbufọ̀ tó wà nínú ọkọ̀ Picard túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Orúkọ ènìyàn, orúkọ ibi àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń dà sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ọ ní nǹkan, wọ́n á dárúkọ Temba, wọ́n á sọ bí ó ṣe la apá rẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á dárúkọ Shaka àti odi tó wó. Ìtàn ni gírámà wọn.

Oníwèé tó bá ti gbọ́ ‘ikú Gáà’ rí kò ní ṣe kàyéfì. Ohun tí ọmọ Tama ń ṣe ni a ń ṣe nígbàkúgbà tí a bá fi orúkọ ẹnìkan ṣe àpótí ìtàn.

Winfield ni Dathon, ọ̀gá ọkọ̀ àwọn ọmọ Tama. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò yé ẹnì kankan, Dathon mú ọ̀bẹ méjì, ó sì gbé ara rẹ̀ àti Picard lọ sí ayé kan tí ń jẹ́ El-Adrel. Picard rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà. Nínú ìtàn ọmọ Tama, àjèjì méjì tí ń jẹ́ Darmok àti Jalad pàdé ní erékùṣù Tanagra, wọ́n jọ kojú ẹranko búburú kan, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ bí ọ̀rẹ́. Dathon kò lè sọ ìtàn náà kí ó yé Picard. Nítorí náà ó gbé Picard wọ inú ìtàn náà. Ẹranko wà ní El-Adrel. Nígbà tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà pọ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Picard gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ fa ọ̀gá wọn kúrò. Bí ẹ̀rọ ṣe di Picard mú láàárín ayé méjì, Dathon nìkan ṣẹ́ kù fún ẹranko náà. Ó ṣe é léṣe tí kò lè wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí Winfield ṣe ṣe é. Ohun ìparadà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti bo ojú rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú Sounder lè má dá a mọ̀. Ohùn, ojú inú ihò àti ìṣesí ara ni ó kù fún un. Òṣèré mìíràn ì bá ṣe Dathon bí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa: á máa fọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, á máa na ìka. Winfield ṣe é bí ẹni tó ní èdè tó péye, tó sì ń sọ ọ́ dáadáa, tí kò sì rí ẹni gbọ́ ọ. Gbólóhùn kan náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀bẹ̀, ó tún jáde bí ìyànjú, ó sì tún jáde bí ìdùnnú nígbà tí Picard bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Nígbà tí òtútù ń mú Picard lóru tí kò lè dá iná, Dathon ju igi tó ń jó sí i, ó sì dárúkọ Temba. Ọ̀rọ̀ àti ìṣe pàdé, ìtumọ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi.

Ìran tó ga jù ni èyí tí Dathon ti ń kú lọ. Picard jókòó tì í, ó sọ ìtàn Gilgamesh àti Enkidu fún un, ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tí ọ̀kan kú kí èkejì. Winfield kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbọ́. Ó ń gbọ́ bí ẹni tí ebi ìtàn ń pa, ìrora sì ń bá ìtẹ́lọ́rùn jà ní ojú rẹ̀ títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà ni Picard fi èdè ọmọ Tama bá ìgbákejì Dathon sọ̀rọ̀, ìjà tó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjèèjì sì dáwọ́ dúró. Ìgbákejì náà wá so orúkọ Picard àti Dathon pọ̀ mọ́ El-Adrel. Láti ọjọ́ náà lọ, àpèjúwe tuntun ti wọ inú èdè wọn.

Bí a bá bi ìbéèrè wa méjèèjì níbí, ìdáhùn yàtọ̀ sí ti ìṣáájú. Ìtàn ta ni ikú yìí ń ràn lọ́wọ́? Ti Dathon fúnra rẹ̀, nítorí òun ló gbèrò rẹ̀, òun ló sì yan ewu rẹ̀. Kí ni ó fi sílẹ̀ lẹ́nu àwọn alààyè? Òwe.

Eré náà kò ṣàìní àléébù. Àwọn kan ti béèrè pé bí gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ Tama bá jẹ́ ìtọ́ka sí ìtàn, èdè wo ni wọ́n fi ń sọ ìtàn náà fún ọmọdé? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò, tí wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú-sánmà? Ìbéèrè gidi ni. Yorùbá ní òwe, ó sì ní ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu. Nídìí àlọ́ àti ìtàn ni ọmọ ti ń kọ́ ohun tí òwe yóò tọ́ka sí lọ́la. Òǹkọ̀wé fún ọmọ Tama ní ẹsẹ̀ kan, ó gba èkejì. Ohun tí kò jẹ́ kí àléébù yìí wó eré náà ni pé nígbà tí Winfield bá ń sọ̀rọ̀, a kì í rántí béèrè.

6.0 Lẹ́yìn ‘Darmok’

Ní ọdún 1995, Winfield ṣe Ọ̀gágun Richard Franklin nínú ‘GROPOS’, ọ̀kan lára àwọn ìtàn inú Babylon 5. Ó wá bá ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, èdèàiyèdè wọn sì ti pẹ́. Nínú eré mẹ́fà wa, èyí nìkan ni ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kò ti kú. Àwọn ọmọ ogun tí a ti mọ̀, tí a sì ti fẹ́ràn, ni wọ́n kú. Ọ̀gágun yè, ó sì gbé ẹrù wọn. Èyí fi hàn pé Winfield lè ṣe ẹni tó kù lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá fún un láyè.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Mars Attacks! tí Tim Burton darí jáde. Winfield ni Ọ̀gágun Casey, ẹni tí wọ́n rán lọ kí àwọn àlejò tó ti Mars wá káàbọ̀ nínú aṣálẹ̀ Nevada. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń yọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti àìjanpata òun ló gbé òun dé ipò yìí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni àwọn àlejò náà sun ún di egungun. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó korò. Ẹni tó ti ń kú fún ìtàn ẹlòmíràn láti ọdún 1977 ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ yìí sọ. Yálà olùdarí eré ní in lọ́kàn tàbí kò ní in, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Winfield yóò gbọ́ ju ẹ̀rín lọ.

7.0 Ohun tí olùkọ́ lè rí mú níbẹ̀

Ìdí tí a fi gbé iṣẹ́ yìí wá síwájú àwọn olùkọ́ni àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni pé ẹ̀rọ ògbufọ̀ Picard wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó há ogójì òwe sórí, tó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì mọ ibi tí a ti ń pa èyíkéyìí nínú wọn. Bí olùkọ́ bá kọ ‘ikú Gáà’ sára pátákó láìsọ ìtàn Gáà, ọ̀rọ̀ ló kọ́ wọn, kò kọ́ wọn ní òwe. Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ òwe márùn-ún pẹ̀lú ìtàn wọn ju kí ó ka ogójì bí ẹni ka owó ẹyọ.

Ẹ̀kọ́ kejì kan ọmọ tó wọ kíláàsì pẹ̀lú èdè mìíràn tàbí ẹ̀ka-èdè mìíràn. Kì í ṣe ẹni tí kò ní èdè. Dathon ni. Olùkọ́ tó bá kà á sí odi ń ṣe bí Picard ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ní El-Adrel, tí ó rò pé ọ̀bẹ tí wọ́n nà sí òun ti ìjà ni.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti wo eré mẹ́fà tí Paul Winfield ti kópa. A rí i pé Keegan, Terrell àti Traxler kú nínú ìtàn ẹlòmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèré náà fún àwọn méjì tó gbẹ̀yìn ní iyì tí ìwé eré kò fún wọn. A rí i pé Casey kú bí ẹ̀fẹ̀, Franklin sì yè. Nínú ‘Darmok’ nìkan ni ìtàn àti ẹ̀bùn òṣèré ti pàdé lọ́nà tó tọ́, tí ikú fi di èdè. Bí a bá tún fẹ́ díwọ̀n òṣèré alátìlẹ́yìn, kí a má ṣe ka iye ìṣẹ́jú tó lò lójú agbo. Kí a béèrè ohun tó kù lẹ́nu wa lẹ́yìn tó ti lọ. Bí a bá perí akọni, à á fi ìdà lalẹ̀. Orúkọ Dathon tó iye ẹni tí a ń torí rẹ̀ fà á yọ.